Bí Àwọn Amúnáwá New York Ṣe Kọ́ Láti Máa Múra De Ìgbà Ooru

Òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ aráyé sọ di òwò láti ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún 19, n kò mọ èyí tí òwe àwọn baba wa yìí bá mu tó iṣẹ́ àwọn tí ń pèsè iná mànàmáná fún ìlú ńlá, nítorí pé iná kì í ṣe àgbàdo tí a lè rọ sínú àká de ọjọ́ ìyàn. Ìṣẹ́jú tí a bá béèrè rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú un wá, ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ tí ooru bá sì mú jù lọ láàárín ọdún ni ó ń pinnu iye ẹ̀rọ àti wáyà tí ìlú gbọ́dọ̀ ní láti oṣù Kìn-ín-ní títí dé oṣù Kejìlá. Ọgbọ́n ìmúrasílẹ̀ yìí kò wọ orí àwọn amúnáwá ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìtàn ìlú New York fi hàn pé òkùnkùn ni ó kọ́ wọn ní púpọ̀ nínú rẹ̀, owó ẹ̀kọ́ náà kò sì kéré.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1882 ni Thomas Edison tan iná fún ìgbà àkọ́kọ́ láti inú ilé ẹ̀rọ rẹ̀ ní òpópónà Pearl, ní ìsàlẹ̀ erékùṣù Manhattan, tí nǹkan bíi 400 gílóòbù sì mọ́lẹ̀ nínú ọ́fíìsì àwọn olówó Wall Street àti nínú ilé ìwé ìròyìn New York Times. Abẹ́ ilẹ̀ ni ó ri àwọn wáyà rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìjì yìnyín oṣù Kẹta ọdún 1888 sì fa àwọn wáyà orí òpó ya lulẹ̀ káàkiri ìgboro, àwọn aláṣẹ fi ọwọ́ líle mú òfin tí ó ní kí wáyà àárín ìlú wọ inú ilẹ̀. Láyé ìgbà náà, mímú ilé mọ́lẹ̀ ni olórí ohun tí àwọn ènìyàn ń fi mànàmáná ṣe. Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ oṣù Kejìlá, nígbà tí ilẹ̀ ń tètè ṣú, tí òṣìṣẹ́ kò tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí ọlọ́jà sì ń pa owó Kérésìmesì, ni ẹrù ń wúwo jù lórí ẹ̀rọ. Ìgbà ooru, tí oòrùn kì í tètè wọ̀, ni àkókò ìsinmi amúnáwá. Ìgbà náà ni wọ́n ń tú ẹ̀rọ palẹ̀ tí wọ́n sì ń tún un tò.

Ohun tí ó yí ìgbà padà bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Ní oṣù Keje ọdún 1902, Willis Carrier, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́rọ tí kò ju ọmọ ọdún 25 lọ, ya àwòrán ẹ̀rọ kan fún ilé ìtẹ̀wé ní Brooklyn, kì í ṣe láti mú ara ènìyàn tutù, bí kò ṣe láti fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́ tí ń mú kí bébà wú, tí kì í jẹ́ kí àwọ̀ bọ́ sí ojú ibi tí ó yẹ. Nígbà tí ó di ọdún 1925, tíátà Rivoli ní Broadway ti ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tu àwọn òǹwòran lára, àwọn ènìyàn sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ nítorí ìtura bí wọ́n ti ń lọ nítorí eré. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ̀rọ amúlétutù di ohun tí mẹ̀kúnnù lè gbé sí ojú fèrèsé rẹ̀, kò sì pẹ́ rárá tí ọ̀sán oṣù Keje fi gba ipò lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ oṣù Kejìlá. Àkókò ìsinmi amúnáwá wá di àkókò ogun rẹ̀.

Ogun náà sì le, nítorí pé iwájú àti ẹ̀yìn ni ooru ti ń kọlu ẹni. Ní ọjọ́ kan náà tí ó mú kí gbogbo ìlú kígbe iná, ọjọ́ náà ni ó ń gba agbára lọ́wọ́ ohun tí ń gbé iná. Wáyà tí ẹrù wà lórí rẹ̀ a máa gbóná fúnra rẹ̀, ilẹ̀ tí ó yí i ká ni ó sì ń fa ooru náà kúrò. Ṣùgbọ́n bí ooru bá mú fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, tí òru pàápàá kò tutù, ilẹ̀ a yó, ìwọ̀n ìfaradà ohun tí a fi bo wáyà a tán, wáyà a sì jó. Bẹ́ẹ̀ náà ni òróró inú tírànsífọ́mà ṣe ń gbóná tí kò sì rí àyè tutù. Ìdí nìyí tí Consolidated Edison, ilé-iṣẹ́ tí ó jogún iṣẹ́ Edison ní New York, kì í fi ti ọjọ́ kan péré ṣírò: ooru àti ọ̀rinrin ọjọ́ òní kó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣirò wọn, ti àná kó 20, ti ìjẹta sì kó 10.

Òkùnkùn ńlá àkọ́kọ́ kò bá ooru wá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, nítorí náà ni àwọn amúnáwá ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti ti Kánádà ṣe so wáyà wọn pọ̀, kí ẹni tí ó ní lè ran ẹni tí kò ní lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n okùn tí ń gbé ìrànlọ́wọ́ wá náà ni ó ń gbé àjálù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1965, ẹ̀rọ kékeré kan tí ń ṣọ́ wáyà ní ilé amúnáwá Sir Adam Beck, lẹ́bàá Niagara, já wáyà náà kúrò nítorí pé ìwọ̀n tí wọ́n fún un ti kéré jù. Ẹrù rẹ̀ ya bo àwọn ìyókù, àwọn náà já, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 ènìyàn sì wà nínú òkùnkùn. Ní Ravenswood, ní Queens, òmìrán ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Big Allis, tí ó lè mú mẹ́gáwáàtì 1,000 wá, farapa, nítorí pé iná kò sí mọ́ láti fi fa òróró sí ìdí rẹ̀. Láti inú ìyẹn ni àwọn amúnáwá ti fi ìmọ̀ ṣọ̀kan ní ọdún 1968, tí wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ìfẹsẹ̀múlẹ̀ iná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Con Edison gbé àwọn ẹ̀rọ agbafẹ́fẹ́-gáàsì ka orí ọkọ̀ pẹrẹsẹ ní etí omi Brooklyn, kí wọ́n lè dìde kíákíá bí ọjọ́ bá le.

Kì í ṣe gbogbo ìmúra ni àwọn ará ìlú gbà wọlé. Láti ọdún 1962 ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń wá ọ̀nà láti gbẹ́ òkè Storm King lẹ́bàá odò Hudson, kí wọ́n máa fa omi gòkè lóru, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀ lọ́sàn-án láti fi yí ẹ̀rọ tí yóò mú mẹ́gáwáàtì 2,000 wá. Àwọn olùfẹ́ òkè àti ẹja kọ̀; ní ọdún 1965 ilé ẹjọ́ dá wọn láre pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti gbèjà ẹwà ilẹ̀ wọn, ní ọdún 1980 ilé-iṣẹ́ náà sì jọ̀wọ́ òkè náà pátápátá.

Ṣùgbọ́n ìmúra tí kò ní ọwọ́ tí yóò mú un lò, òfo ni. Ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1977, tí ooru ti ń jẹ ìlú níyà, àrá sán bá àwọn wáyà ńlá ní Buchanan, ní àríwá ìlú, ní agogo 8:37. Ọba Kòso kì í dá ìgbà fún ẹnikẹ́ni kí ó tó sọ ẹdùn rẹ̀ sílẹ̀. Ní 8:55 ó tún sán. Àwọn ẹ̀rọ ìrànlọ́wọ́ wà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó yẹ kí ó tan díẹ̀ nínú wọn ti lọ sílé, ẹni tí ó jókòó nídìí àkóso sì lọ́ra láti pa iná àdúgbò kan kí ó lè gba ìyókù là. Ní 9:27 Big Allis ṣubú. Ní 9:36 gbogbo ìlú ṣókùnkùn. Fún nǹkan bíi wákàtí 25 tí òkùnkùn fi wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù 1,616 ni wọ́n fọ́ tàbí kó, iná sọ ní ibi 1,037, àwọn ọlọ́pàá sì mú ènìyàn 3,776.

Láti inú ìyà yẹn ni àṣà tuntun ti gbilẹ̀. Láyé òní, bí àrá bá ti ń kùn létí ìlú, àwọn tí ń darí iná ní New York a máa ṣe bí ẹni pé wáyà pàtàkì kan ti já ná: wọn a dín iná tí ń ti àríwá wọlé kù, wọn a sì mú àwọn ẹ̀rọ inú ìlú ṣiṣẹ́ sí i. Bí ooru ọdún kan bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, wọn a ka àwọn wáyà tí ó jó, wọn a wo àdúgbò tí ilé ti pọ̀ sí i, wọn a sì pààrọ̀ èyí tí ó yẹ ní pípààrọ̀ nígbà òtútù. Nígbà ìrúwé, tí kò sí ooru tí kò sí òtútù, àwọn ilé amúnáwá a ti ilẹ̀kùn wọn ní ìkọ̀ọ̀kan fún àtúnṣe, a ó sì fi agbára tí ó ju ti ìgbà gbogbo lọ dán wáyà abẹ́ ilẹ̀ wò, kí èyí tí yóò já lè já nígbà tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ọ̀pọ̀ wáyà ni ó ń bọ́ àdúgbò kọ̀ọ̀kan, a sì ṣe ètò rẹ̀ tí méjì fi lè kú ní ọjọ́ tí ooru mú jù kí iná má sì lọ. Bí nǹkan bá sì wá le kọjá bẹ́ẹ̀, wọn a dín agbára iná kù ní ìdá 5 tàbí 8 nínú ọgọ́rùn-ún, wọn a sì san owó fún àwọn onílé ńlá tí wọ́n ti bá ṣe àdéhùn láti pa apá kan iná wọn.

Ètò yìí kò pé bí ọba. Ní oṣù Keje ọdún 2006, ó ju 100,000 ènìyàn lọ ní ìwọ̀-oòrùn Queens tí ìyà iná jẹ fún bíi ọjọ́ mẹ́sàn-án, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ ilẹ̀ ń já lé ara wọn lórí. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2013, nígbà tí àwọn oníbàárà Con Edison béèrè mẹ́gáwáàtì 13,322, tí ó ga ju gbogbo èyí tí wọ́n ti béèrè rí títí di ọjọ́ náà lọ, ìlú náà kò ṣókùnkùn.

Ìdájọ́ tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé ọjọ́ ooru kì í ṣẹ́gun ẹni tí ó bá ti fi oṣù òtútù ṣiṣẹ́, àti pé ìran tí ó bá gbàgbé òkùnkùn àná yóò tún ra á ní owó gọbọi. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá wà nídìí àkóso iná ní ìlúkílùú má ṣe fi ẹ̀bẹ̀ ọjọ́ ooru rọ́pò iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ti ṣe ṣáájú. Kí àwọn ará ìlú náà sì máa bi í léèrè, nígbà tí iná ṣì ń tàn dáadáa, ohun tí ó ti ṣe sílẹ̀ de ọjọ́ tí yóò nira.