Ìṣirò Ọdún Lọ́wọ́ Oníkọ́míìkì Àdáṣe: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Harvey Pekar àti Àwọn Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Oníkọ́míìkì àdáṣe ni ẹni tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ kankan: òun ló ni ìtàn, òun ló ń sanwó ìtẹ̀wé, òun náà ló ń wá ẹni tí yóò bá a tà á. Nílé iṣẹ́ ńlá bíi Marvel tàbí DC, olóòtú ló ń pàṣẹ ọjọ́ tí ojú ìwé gbọ́dọ̀ wọlé, àwọn oníṣirò owó ló sì ń sọ bí ọjà ṣe rìn. Aládàáṣe kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ọdún bá yí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó wo ohun tó ṣe, ohun tó pa tì, àti ohun tí iṣẹ́ náà gbà lára rẹ̀. Ó rọrùn láti ka irú ìbojúwẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ àsọkún tí kò kan iṣẹ́ gan-an. Àpilẹ̀kọ yìí takò ó. Bí òǹṣẹ̀dá ṣe ń ṣírò àkókò rẹ̀, yálà lójoojúmọ́, lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún, ló ń pinnu bí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe rí, ẹni tó bá sì jẹ́ kí àkókò díẹ̀ kọjá kó tó bojú wẹ̀yìn ló sábà máa ń ríran jù.

Àpẹẹrẹ tó kún jù lọ ni ti Harvey Pekar, ọmọ ìlú Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bí i ní 1939. Júù tó ṣí wá láti Póláǹdì ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì ń ta oúnjẹ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Pekar kò mọ àwòrán yà. Akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì ni ní ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì, iṣẹ́ yìí ló sì ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 2001. Ní 1962 ó pàdé Robert Crumb, ọ̀dọ́ ayàwòrán tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà nílé iṣẹ́ tó ń ṣe káàdì ìkíni. Àwo orin jáàsì tí àwọn méjèèjì ń kó jọ ló sọ wọ́n di ọ̀rẹ́. Nígbà tí Crumb di gbajúmọ̀, Pekar bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé kò yẹ kí kọ́míìkì mọ sórí akọni tó ń fò lójú ọ̀run àti ẹranko tó ń sọ̀rọ̀. Ó ní ohunkóhun tó bá ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn lásán ló lè wọ inú rẹ̀. Ó fi ìlà ṣákálá ya ènìyàn sórí bébà, ó kọ ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu, ó gbé e fún Crumb, Crumb sì gbà láti yà á dáadáa. Ní 1976 ni Pekar fi owó ara rẹ̀ gbé ẹ̀dà kìíní American Splendor jáde.

Láti ìgbà náà, fún bí ọdún 15, bí ẹ̀dà kan ló ń jáde lọ́dún. Owó oṣù akọ̀wé kò lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tó ti ń ná sórí àwo jáàsì tẹ́lẹ̀ ló yí padà sí owó ìtẹ̀wé, nínú rẹ̀ náà ló sì ti ń sanwó fún àwọn ayàwòrán bíi Gary Dumm àti Greg Budgett. Àìlówó yìí di àǹfààní fún iṣẹ́ náà. Láàárín ọdún kan, ohun tí ojú akọ̀wé kan ń rí kò lóǹkà: ìlà gígùn níwájú akáwó nílé ìtajà, ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ nígbà òtútù, ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ẹni sọ láàárín ọ̀sán. Ẹni tó ní ìwé kan ṣoṣo lọ́dún gbọ́dọ̀ ṣa èyí tó tó ìtàn nínú wọn. Èyí tó bá ṣì ń dùn ún tàbí tó ṣì ń pa á lẹ́rìn-ín lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ ló ń wọlé. Ìyókù ti lọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan fi jẹ́ ìṣirò ọdún, bí Pekar kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Wàhálà títa ìwé náà di ara ìtàn. Joyce Brabner, tó ń ta kọ́míìkì ní Wilmington ní ìpínlẹ̀ Delaware, kọ lẹ́tà sí Pekar nítorí pé ẹ̀dà tó fẹ́ kà ti tán ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́tà yẹn bí òmíràn, àwọn méjèèjì sì fẹ́ ara wọn láìpẹ́ sígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fojú kan ara wọn. Ìgbéyàwó náà wọ inú kọ́míìkì bó ṣe rí, tòun ti àìdánilójú inú rẹ̀. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Doubleday kó àwọn ìtàn kan jọ sínú ìwé ní 1986, ìwé náà gba American Book Award ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Síbẹ̀ Pekar kò kúrò nídìí fáìlì rẹ̀.

Ní 1990 ni àyẹ̀wò fi hàn pé Pekar ní irú àrùn jẹjẹrẹ tí à ń pè ní lymphoma. Ìwé tó ti inú ọ̀rọ̀ náà jáde ni Our Cancer Year, tí Pekar àti Brabner jọ kọ, tí Frank Stack sì ya àwòrán rẹ̀. Ọdún 1994 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ kọ́míìkì tí à ń pè ní Harvey ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìwé yìí ló gbé àríyànjiyàn àpilẹ̀kọ yìí ró jù. Ọdún kan ni àkọlé rẹ̀ dárúkọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọdún aláìsàn nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ilé tí tọkọtaya náà ń rà wà níbẹ̀. Ogun tí Amẹ́ríkà ń gbé lọ bá Ìráàkì wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè tí Brabner ń bá ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àlàáfíà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìrora oògùn jẹjẹrẹ àti ìròyìn ogun wọ inú ara wọn bí wọ́n ṣe ń wọ inú ara wọn nínú ilé gan-an. Ẹni tó wà lórí ibùsùn kò lè rí gbogbo èyí. Ẹni tó dúró tì í ló rí i, àwọn méjèèjì sì nílò ọdún mélòó kan kí wọ́n tó mọ ibi tí nǹkan kan ti kan èkejì. Ohùn Brabner ló fún ìwé náà ní agbára jù, nítorí pé ó kọ̀ láti sọ olùtọ́jú aláìsàn di ẹni mímọ́: ó rẹ̀ ẹ́, inú ń bí i, ó sì ń pariwo.

Ìwé ọdún mìíràn wà. Ní 2003 ni fíìmù American Splendor gba ẹ̀bùn ńlá ní àjọ̀dún Sundance, pẹ̀lú Paul Giamatti tó ṣe Pekar nínú rẹ̀. Ní 2004 ni Our Movie Year jáde. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni Pekar ṣe bí ọ̀rọ̀ fíìmù náà ṣe ń gbóná lọ, díẹ̀ lára rẹ̀ fún ìwé ìròyìn tó fẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ kíá. Ó dùn ún kà, inú ẹni sì máa ń dùn pé akọ̀wé tó ti jìyà tó yìí rí owó díẹ̀ lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò àti òtẹ́ẹ̀lì kan náà ń padà wá nínú ìtàn kan dé òmíràn, òǹkàwé kò sì rí ohun tí ọdún náà yí padà nínú ọkàn ẹni tó ń sọ ọ́. Òǹkọ̀wé kan náà ló kọ ìwé méjèèjì. Àkókò tó wà láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ àti ìtàn ló yàtọ̀ jù.

James Kochalka ti ìlú Burlington, ní ìpínlẹ̀ Vermont, tọ ọ̀nà mìíràn. Láti October 26, 1998, ló ti ń ya ọjọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú àpótí àwòrán díẹ̀, mẹ́rin lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ń ṣe é títí di December 31, 2012. American Elf ni orúkọ rẹ̀. Ìyàwó, àwọn ọmọ, ológbò, orin tó ń kọ, òjò dídì lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Èrò Kochalka ni pé ayé ènìyàn kì í ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin bí ìtàn àròsọ, kò sì yẹ kí kọ́míìkì purọ́ nípa rẹ̀. Èyí dà bí ẹni pé ó tako ohun tí a ti ń sọ bọ̀, nítorí kò sí àkókò kankan láàárín ohun tó ṣẹlẹ̀ àti àwòrán rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìwé tí wọ́n kó ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ jọ sí ní 2004 yóò rí i pé ìṣirò kò sọnù. Ọ̀dọ̀ òǹkàwé ló bọ́ sí. Òǹkàwé ló ń rí i pé inú ọkùnrin yìí ti bàjẹ́ fún oṣù mẹ́ta, nígbà tí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ rò pé ọjọ́ kan péré ni.

Ti Dave Sim yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Ní ìlú Kitchener ní Kánádà ló ti bẹ̀rẹ̀ kọ́míìkì Cerebus ní December 1977, ó sì kéde ní 1979 pé ẹ̀dà 300 ni òun yóò ṣe. Ó ṣe é pé: ẹ̀dà 300 jáde ní March 2004, lẹ́yìn nǹkan bí ojú ìwé 6,000, Gerhard ló sì ya ohun tó wà lẹ́yìn àwọn ènìyàn inú rẹ̀ láti 1984. Iwájú ni ìṣirò Sim kọjú sí: ẹ̀dà mélòó ló kù? Láàárín àwọn aládàáṣe, kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni mú irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣẹ, ó sì yẹ ká kan sáárá sí i. Àmọ́ ẹni tó ń ka ohun tó kù kì í dúró wo ibi tó dé. Ní 1994, nínú ẹ̀dà 186, Sim kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan tó bu ẹnu àtẹ́ lu obìnrin, tó sì bí ọ̀pọ̀ òǹkàwé nínú. Olóòtú kò sí tí yóò ní kó tún un rò, ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sì ní ibùdúró. Bó ṣe ń bá ìtàn náà lọ lóṣooṣù ni èrò náà ń le sí i.

Ẹnìkan lè sọ pé owó ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, pé bí owó bá wà, aládàáṣe kò ní ṣírò ohunkóhun. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Peter Laird, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Teenage Mutant Ninja Turtles sílẹ̀ ní 1984, dá àjọ Xeric sílẹ̀ ní 1992 láti fi owó ran àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé ara wọn lọ́wọ́, ó sì ń ṣe é títí di 2012. Àwọn oníkọ́míìkì Adrian Tomine àti Jessica Abel wà lára àwọn tó jẹ àǹfààní rẹ̀. Owó Xeric gbé ẹrù ìtẹ̀wé kúrò lórí wọn, kò sì gba ìbojúwẹ̀yìn lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí dídáwó jọ lórí ìkànnì Kickstarter gbòde lẹ́yìn 2009, ọ̀rọ̀ yí padà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó dáwó ṣáájú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí iṣẹ́ dé, nítorí náà òǹṣẹ̀dá ń jíhìn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kí ìwé tó jáde.

Nàìjíríà ní ìpín nínú ìtàn yìí. Ní 1976, ọdún tí American Splendor bẹ̀rẹ̀, ni Wale Adenuga gbé kọ́míìkì Ikebe Super jáde, tí Papa Ajasco, Miss Pepeiye àti àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ yòókù fi di ẹni mímọ̀ ní ilé púpọ̀ kí wọ́n tó dé orí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀fẹ̀ ni ti Adenuga, ìgbé ayé ara ẹni ni ti Pekar, ṣùgbọ́n ẹni tó dá a sílẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà méjèèjì. Ní ìran tó tẹ̀ lé e, Roye Okupe, tí wọ́n bí ní Èkó tó sì dá YouNeek Studios sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fi owó tí àwọn ènìyàn dá jọ tẹ ìwé kọ́míìkì E.X.O. ní 2015. Ní 2021 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé jáde pẹ̀lú Dark Horse, Iyanu: Child of Wonder, tí Godwin Akpan ya àwòrán rẹ̀, sì wà lára wọn, ó sì di eré àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2025. Akọni àti ilẹ̀ ọba ló kún inú àwọn ìwé wọ̀nyí, nítorí náà ẹni tó bá ń wá ọdún òǹṣẹ̀dá kò ní rí i nínú àpótí àwòrán bó ṣe lè rí ti Pekar. Inú ìròyìn tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó dáwó ló wà: ọjọ́ tí ìtẹ̀wé pẹ́, ìdí tí ojú ìwé kan fi yí padà, orúkọ àwọn tó kun àwọ̀. Kò wọ́pọ̀ kí ilé ìkàwé tó ń ra ìwé náà tọ́jú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀, nítorí nínú irú iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni ìṣirò ọdún kù sí.