Idẹ Gubbio àti Ábídí Yorùbá

Ní ìlú Gubbio, tí ó wà lẹ́sẹ̀ òkè ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ítálì, ni a ti rí pátákó idẹ méje ní ọdún 1444, tí àwọn ará ayé àtijọ́ ti fín lẹ́tà sí lára. Nígbà tí ó sì di ọdún 1456, àwọn aláṣẹ ìlú náà ra àwọn idẹ wọ̀nyí, wọ́n kó wọn pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ogún ìlú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnì kan láàrin wọn, ìbáà ṣe àlùfáà, ìbáà ṣe amòfin, tí ó lè sọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni a bá ilà, a kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 ọdún tí àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Yúróòpù fi ń wo idẹ náà, tí oníkálùkù ń sọ èyí tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń bi ọmọ tí ó bá ní òun ń lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìfiwéra èdè àtijọ́ pé kí ni èdè tí ó ti kú fẹ́ ṣe fún ẹni tí ó wà láàyè. Mo gba pé ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ súnmọ́ ilé wa ju bí a ti rò lọ, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ìlànà lélẹ̀ fún lẹ́tà tí a fi ń kọ Yorùbá lónìí, lára idẹ Gubbio yìí ni ó ti kọ́ bí a ti í wo lẹ́tà.

Ẹ̀kọ́ ìfiwéra èdè yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀ láyé. William Jones, adájọ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń jókòó ní kóòtù ńlá Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà, ni ó dìde ní ọdún 1786 níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí òun tìkára rẹ̀ dá sílẹ̀, tí ó sọ fún wọn pé ìjọra tí ó wà láàrin Sáńsíkírítì, Gíríìkì àti Látìn ju ohun tí èèṣì lè mú wá lọ, àti pé ó ní láti jẹ́ pé ìyá kan náà ni ó bí wọn, ìyá tí ó ṣeé ṣe kí ó ti kú. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ọmọ Jámánì kan, Franz Bopp, ni ó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́, nígbà tí ó tẹ ìwé jáde ní ọdún 1816, tí ó to ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe èdè wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn títí tí kò fi sí iyàn mọ́. Ní ọdún 1821 ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Berlin, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1810 lábẹ́ ìtọ́sọ́nà Wilhelm von Humboldt. Ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni àṣà ti gbilẹ̀ pé kì í ṣe kí olùkọ́ máa kàwé sí ọmọ létí nìkan, bí kò ṣe pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé àtijọ́ kan, kí ó tú u wò ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì gbèjà ohun tí ó rí lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ gba oyè, èdè Látìn ni yóò fi kọ ìwé rẹ̀, yóò sì dúró ní gbangba kí àwọn alátakò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀wò.

Ẹni tí ó bá ti gbé láàrin àwọn Èkìtì yóò mọ ohun tí àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ń wá. Níbi tí ará Ọ̀yọ́ ti ń wí pé ilé, ará Èkìtì a wí pé ulé. Iṣu a di uṣu, ìlú a sì di ùlú. Kì í ṣe pé ahọ́n ẹnìkan ló yọ̀. Ìlànà ni, ẹni tí ó bá sì mọ ìlànà náà lè mọ ohun tí yóò jáde lẹ́nu Èkìtì kí ó tó gbọ́ ọ. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni Jacob Grimm tò lẹ́sẹẹsẹ ní ọdún 1822 fún kọ́ńsónáǹtì èdè Jámánì àti ti àwọn ìbátan rẹ̀. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ọmọ kí ó má ní ààlà, ààlà yìí gan-an ni wọ́n sì ń fi ojú wá.

Karl Richard Lepsius, ọmọ Naumburg, tí a bí ní ìparí ọdún 1810, ti kàwé ní Leipzig àti ní Göttingen kí ó tó wá jókòó lẹ́sẹ̀ Bopp ní Berlin. Ní ọdún 1833, ọdún kan náà tí Bopp bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí gírámà ìfiwéra jáde, ni ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22 yìí kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lé àwọn idẹ Gubbio lórí. Èdè tí ó wà lára idẹ náà ni èdè àwọn ará Umbria, tí Látìn ti gbé mì láti ayébáyé. Ábídí ìbílẹ̀ Umbria ni a fi fín apá kan rẹ̀, tí ìlà ń ti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ sí òsì. Lẹ́tà Látìn ni a fi fín apá kejì, tí ìlà ń ti òsì lọ sí ọ̀tún. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni pé ètùtù kan náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní ṣókí nínú ábídí àtijọ́, ní kíkún nínú lẹ́tà Látìn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ní sùúrù lè fi ọ̀kan wo èkejì, kí ó sì rí i pé níbi tí Látìn ti ń wí pé quis, pis ni Umbria ń wí. Lẹ́tà gan-an ni Lepsius gbájú mọ́, èwo ni ó dàgbà, èwo ni ó jẹ́ ti ìkẹyìn, ìró wo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún. Ní ọdún 1841 ó kó gbogbo àkọlé Umbria àti ti Osco, èdè ìbátan rẹ̀, tí ó rí jọ sínú ìwé kan, èyí tí àwọn onímọ̀ Aufrecht àti Kirchhoff gbé iṣẹ́ tiwọn kà lórí láàrin ọdún 1849 sí 1851.

Kí ni ó wà lára idẹ náà? Ìwé àwọn àwòrò ni, tí ó ń sọ bí a ti í wẹ òkè mímọ́ ìlú náà mọ́. Wọn yóò kọ́kọ́ wo ẹyẹ, ìhà tí ó ti ń fò àti bí ó ti ń ké. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò lọ sí ẹnubodè mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Níwájú ẹnubodè Trebula, akọ màlúù mẹ́ta fún Jupiter Grabovius. Lẹ́yìn rẹ̀, abo ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta tí ó lóyún fún Trebus Jovius. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnubodè méjì yòókù ní ẹran tirẹ̀ àti òrìṣà tirẹ̀. Bí àṣìṣe kan bá wọ inú ètò náà, ẹbọ ti bàjẹ́ nìyẹn: kí wọn padà sí ẹnubodè Trebula, kí wọn tún wo ẹyẹ, kí wọn sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá mọ bí babaláwo ti í ṣọ́ra kí ó má ṣi ẹsẹ Ifá pè kò ní rí èyí bí ohun àjèjì. Bí kì í bá ṣe ẹ̀kọ́ ìfiwéra èdè, gbogbo ìfọkànsìn àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, tí ìlú wọn kò tóbi, tí ogun wọn kò dé ibi jíjìn, ni ìbá ti sọnù ráúráú.

Leipzig ni ó wá di ojúde ọba ẹ̀kọ́ yìí nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sópin. Ibẹ̀ ni August Leskien, Karl Brugmann àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń kọ́ni pé ìlànà ìró kì í yẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Ferdinand de Saussure, ọmọ Geneva, ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1880, nígbà tí ó ti tẹ ìwé kan jáde ní ẹni ọdún 21, nínú èyí tí ó sọ pé àwọn ìró kan ní láti ti wà nínú èdè ìyá náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọmọ rẹ̀ kan tí a mọ̀ nígbà náà tí ó pa wọ́n mọ́. Ní ọdún 1915 ni Bedřich Hrozný ka èdè àwọn Hítì, tí òun náà jẹ́ ọmọ èdè ìyá náà, lára wàláà amọ̀ tí a hú nílẹ̀ Tọ́kì, nígbà tí ó sì di ọdún 1927, Jerzy Kuryłowicz fi hàn pé ìró kan dúró nínú èdè náà ní ibi tí Saussure wí. Saussure ti lo ọdún 14 nínú sàréè kí ẹ̀rí rẹ̀ tó dé.

Lepsius ní tirẹ̀ kúrò nídìí Umbria lọ sí ìdí Íjíbítì, ọba Prussia sì rán an lọ síbẹ̀ láti ọdún 1842 títí di 1845, ìrìn àjò náà ni ó sì mú un súnmọ́ èdè ilẹ̀ Áfíríkà. Ní àkókò yẹn, ìdààmú ńlá ni ó bá Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S. ní London, nítorí pé bí ó ti wu míṣọ́nnárì kọ̀ọ̀kan ni ó ń kọ èdè ibi tí a rán an sí. Àwọn onímọ̀ ṣe ìpàdé lórí ọ̀ràn náà ní London ní ọdún 1854. Ní ọdún 1855 ni Lepsius gbé ìwé rẹ̀ lórí ábídí tí gbogbo èdè lè lò jáde, tí ó ní kí ìró kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà kan, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ní ìró kan, kí a sì fi àmì sí orí tàbí ìsàlẹ̀ lẹ́tà Látìn níbi tí kò bá ti tó, dípò kí a máa to lẹ́tà jọ gègèrè.

Kì í ṣe òun nìkan ni iyìn tọ́ sí lórí lẹ́tà Yorùbá. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí ogun kó lẹ́rú tí ó padà wá di bíṣọ́ọ̀bù, ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, ó sì tún un ṣe pẹ̀lú gírámà ní ọdún 1852. Ní Sàró bákan náà, Sigismund Koelle, ọmọ Jámánì, jókòó ti nǹkan bí 200 ènìyàn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tí a dá sílẹ̀, ó sì gba ọ̀rọ̀ èdè tí ó ju 100 lọ lẹ́nu wọn sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1854. Ẹ̀ka èdè Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Yàgbà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Oǹdó àti àwọn mìíràn wà níbẹ̀, ìlà sí ìlà, lẹ́nu àwọn ọmọ tí a já gbà kúrò lọ́wọ́ ìyá. Ìpàkọ́ onípàkọ́ ni à ń rí. Ẹni ẹlẹ́ni ni í bá ni rí tẹni: Koelle kò jẹ́ ọmọ Akú, bí wọ́n ti ń pe àwọn Yorùbá ní Sàró, síbẹ̀ òun ni ó to àwọn ọmọ Akú sí ojú ewé kan náà. Nígbà tí àwọn ìjọ Ọlọ́run wá pàdé ní Èkó ní ọdún 1875 láti fẹnu kò lórí àkọtọ́ Yorùbá, Crowther ni ó jókòó sí ipò alága.

Ọdún 1978 ni Olúfẹ́mi Akinkugbe gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú ìwé tí ó fi ìró àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá wé ti Ìṣẹkírì àti ti Ígálà. Ọ̀nà Bopp ni ó tọ̀, ṣùgbọ́n èdè tí ènìyàn fi ń nájà tí ó sì fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni ó fi ṣe é. Ó to ọ̀rọ̀ kan náà láti ìlú dé ìlú, ó wá ìró tí ó ní láti ti wà lẹ́nu ìyá gbogbo wọn, ó sì fi hàn pé Ígálà ni ó kọ́kọ́ yà lọ, tí Yorùbá àti Ìṣẹkírì sì tún jọ gbé pọ̀ fún ìgbà kan kí àwọn náà tó pínyà.