Owó ọ̀nà ní Rẹ́mọ kò bẹ̀rẹ̀ lánàá

Ẹ̀yin tèmi, ẹ bá mi ká a dé ìsàlẹ̀ o. Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fò láti ohun tí kò tó 200 náírà sí bíi 500, gbogbo ẹni tó ń ti Ṣágámù lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó ló ń ṣírò owó ọkọ̀. Èmi náà ń ṣírò. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé ìjà owó ọ̀nà nílẹ̀ Rẹ́mọ ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ?

Kí Òyìnbó tó dé, ẹni tó bá ni ọ̀nà ló ni owó. Iyọ̀, aṣọ àti ìbọn máa ń gba Ìkòròdú wọ Rẹ́mọ kó tó dé Ìbàdàn, àwọn oníbodè á sì gba tiwọn. Bí ìjà bá dé, wọ́n á ti ọ̀nà pa. Inú ogun yẹn náà ni àwọn ìlú Rẹ́mọ ti kó ara wọn jọ ní 1872 kí ọ̀tá má baà jẹ wọ́n níkọ̀ọ̀kan: Òfin, Màkún, Ẹ̀pẹ́ àtàwọn yòókù, ìlú mẹ́tàlá. Ṣágámù nìyẹn. Ẹ ò rí i pé Akárígbò wà l'Ófin, Ewùsì sì wà ní Màkún? Àlejò tó bá ní ọba ti pọ̀ jù níbí, ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ìlú kan ló ń wò.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí náà wà lára ohun tó mú kí Òyìnbó kó ogun ja Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ́n ní 1892. Ní 1894, Akárígbò tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú wọn. Ẹni bá rò pé ọjà á wá máa ya wọlé, ẹ dúró ná: wọ́n bẹ̀rẹ̀ rélùwéè l'Ékòó ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901, Abẹ́òkúta ló sì gbà. Kò yà sọ́dọ̀ wa rárá!

Obì ló gbé wa dìde, gbàǹja gan-an. Mọ́tò dé, wọ́n ń kó o lọ sí òkè Ọya, àwọn Hausa tó ń rà á sì tẹ̀dó sí Sábó. Ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn ń gba àárín ìlú nígbà yẹn, ẹni tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá títì ń rówó.

Ní 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ̀yìn ìlú ló gbà. Gbogbo ayé wá mọ orúkọ wa nítorí Interchange, ibi tí ẹni tó ń lọ Benin ti ń yà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wọlé wá ra ẹ̀kọ. Èmi ò lè pe ìyẹn ní ìdàgbàsókè, ẹ máa bínú sí mi tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn wá di kòtò, tírélà ń subú síbẹ̀, dẹ́rẹ́bà sì ń fi kòtò yẹn kún owó ọkọ̀ wa.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka iye ọwọ́ tó na sí dẹ́rẹ́bà yín kẹ́ ẹ tó dé Berger. Ẹ kọ iye rẹ̀ sísàlẹ̀ níbí.