Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Èdè ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Ọ̀pọ̀ òbí láàárín wa ni ó gbà pé bí ọmọ yóò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé yékéyéké, àfi kí á kọ́kọ́ gba Yorùbá lẹ́nu rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan fi ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè bóyá òótọ́ ni.

Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821, kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Látìn àti Gíríìkì. Síbẹ̀ kò torí èyí sọ ti ilé nù. Ní 1843 ni a tẹ ìwé tí ó fi kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn náà ó kọ ìwé fún ẹ̀kọ́ èdè Ìgbò àti ti Nupe pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ẹ̀kọ́ fún Èkó ní 1882, kíka Gẹ̀ẹ́sì àti kíkọ ọ́ ni ó fi owó ìrànlọ́wọ́ tì lẹ́yìn. Kò dárúkọ èdè ilẹ̀ wa rárá. Ibi tí owó bá sì wà ni ilé-ẹ̀kọ́ ń kọjú sí.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán ọ̀rọ̀ náà wò. Fún ọdún 6 gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọ̀wọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ yòókù. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn. Ọ̀wọ́ kejì fi Yorùbá kàwé fún ọdún 3, kí wọ́n tó bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a dán wọn wò, àwọn ọmọ ọ̀wọ́ kìíní kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn kejì yọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Faransé. Ní 1991 ni ìjọba dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjàrá, lẹ́bàá Àgbádárìgì. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni ààlà wà, ní òdì kejì èyí tí àwọn ìbátan wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ti ń fi Faransé kàwé. Ọmọ wa tí ó bá gbọ́ èdè méjèèjì yóò bá wọn jókòó gẹ́gẹ́ bí ará ilé, yóò sì lè ka ìwé wọn.

Nítorí náà, àwa olùkọ́ ń bẹ Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú kí ó ra ìwé Yorùbá sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ó sì bá àwọn alábòójútó wọn sọ ọ́ kí wọ́n fòpin sí owó ìtanràn náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ máa fi Yorùbá bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ nínú ilé. Gẹ̀ẹ́sì ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ibi tí yóò sá lọ.