Ọ̀bọ Yábàá àti Káàdì Yẹ́lò

Ẹ̀yin ará wa ní Dubai àti Sharjah, káàdì yẹ́lò tí a ń kì bọ inú páásípọ́ọ̀tù nígbà tí a bá ń lọ sílé ní ìtàn. Ní 1925, ìgbìmọ̀ Rockefeller dé sí Yábàá láti wá ìdí ibà pọ́njú. Ibà náà kì í dá ọ̀bọ ilẹ̀ wa dùbúlẹ̀. Ni wọ́n bá kó ọ̀bọ wá láti Íńdíà. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Asibi, ọkùnrin Gold Coast kan tí ibà mú, wọ́n fi gún ọ̀bọ kan lábẹ́rẹ́. Asibi yè, ọ̀bọ kú. Dókítà Adrian Stokes pàápàá bá ibà náà lọ l'Ékòó lọ́dún yẹn. Láti ara kòkòrò àrùn Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní 1937.

Àǹfààní ńlá ni, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ló bi aráàlú léèrè? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ ìjọba ti gbọ́ tọ̀tún tòsì ní 1875. Òfin 1876 sì sọ ìwé àṣẹ di dandan kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹranko dán nǹkan wò. Òfin yẹn kò dé Yábàá. Níhìn-ín tí a wà, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2007 béèrè irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.