Láti Ẹ̀wọ̀n Ìwé Dé Kọ̀ǹpútà Tó Ń Bẹ̀rẹ̀ Ọ̀tun: Ìtàn Ìdáàbòbò Ohun Ìlò Ilé Ìkàwé Títí Dé Ìlá-Ọ̀ràngún

Iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe iṣẹ́ bàbá ẹnikẹ́ni: ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́pọ̀ lẹ́nu wa débi pé a kì í rò ó wò mọ́. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú ló sì máa ń jìyà rẹ̀ jù. Ilé ìkàwé wà lára irú ohun bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ti ń wá oògùn sí i láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ní Hereford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Zutphen ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ẹ̀wọ̀n irin ni wọ́n fi so ìwé mọ́ pẹpẹ. Ẹni tó bá wù lè kà á, kò ṣáà ní lè gbé e lọ. Àwọn ìwé náà ṣì wà nínú ẹ̀wọ̀n wọn dòní. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé orí tábìlì, ẹ̀wọ̀n irin kò wúlò tó mọ́, nítorí ohun tó ń bàjẹ́ wà nínú ẹ̀rọ, ojú kò sì rí i.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé ìkàwé kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun gbogbo ìlú. Èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1932 pẹ̀lú owó Carnegie Corporation ti New York, àwọn tó ń san owó ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló ń lò ó. Ní 1948, Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn pẹ̀lú ilé ìkàwé tirẹ̀. Ní 1953, UNESCO pe àpérò sí Ìbàdàn kan náà lórí bí ilé ìkàwé gbogbogbòò yóò ṣe tàn ká Áfíríkà. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ọmọ tó mọ̀wé kà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ kọjá ìwé tó wà nílẹ̀.

Ìgbómìnà ti Ọ̀ṣun, ìyẹn Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá, Ọ̀rà àti àwọn abúlé tó yí wọn ká, wà ní ìkángun àríwá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, lẹ́bàá ààlà Kwara àti Èkìtì. Ohun tó bá ti Ìbàdàn tàbí Èkó gbéra máa ń pẹ́ kó tó débẹ̀. Síbẹ̀, Ìlá ti di ìlú akẹ́kọ̀ọ́ tipẹ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni rẹ̀ ti wà nígbà tí Ọ̀ṣun ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí wọ́n tó pín in ní 27 August 1991. Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ fi Yunifásítì Ìmọ̀ Ìlera kún un. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ tó báyìí, kọ̀ǹpútà kan á máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni kọ̀ǹpútà náà gbà wọlé sí ilẹ̀ wa. IBM dá ibùdó ìkọ́ni sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Láàárín 1990 sí 1999, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ibùdó ìmọ̀ físíìsì ICTP tó wà ní Trieste, ní Ítálì. Lẹ́yìn tí fóònù GSM dé ní August 2001, sáíbà kafé gbòde kan. Kafé ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ rí ohun tí ọwọ́ púpọ̀ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe: eré tí ẹnì kan gbé sórí rẹ̀ láàárọ̀, àwòrán tí ẹlòmíràn fi rọ́pò ojú rẹ̀ lọ́sàn-án, àti fáírọ́ọ̀sì tó ti wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Fáírọ́ọ̀sì ti pẹ́ láyé ṣáájú kafé. Ní 1986, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ní Lahore, ní Pakistan, ṣe èyí tí wọ́n pè ní Brain, tó ń ti orí dísíìkì pẹlẹbẹ kan bọ́ sórí òmíràn. Nígbà tí fíláàṣì rọ́pò dísíìkì náà, ọ̀nà túbọ̀ là fún àwọn fáírọ́ọ̀sì, nítorí pé bí wọ́n bá ti ki fíláàṣì bọnú Windows ayé ìgbà náà, ohun tó wà lórí rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Conficker, tó jáde ní November 2008, wà lára àwọn tó jàǹfààní àyè yìí. February 2011 ni Microsoft tó fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti ti ilẹ̀kùn náà lórí àwọn Windows àtijọ́. Ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti dán mọ́rán, àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kì í tètè dé, fíláàṣì ni gbogbo ènìyàn sì fi ń gbé iṣẹ́ kiri.

Lókè òkun, àwọn ilé ìkàwé ti ń bá ìyọnu yìí jà. Ní 1997 ni Bill Gates àti ìyàwó rẹ̀ ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó kó kọ̀ǹpútà lọ sí ilé ìkàwé àwọn àdúgbò tálákà ní Amẹ́ríkà. Ọgbọ́n àkọ́kọ́ láti dáàbò bo irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn pa: má ṣí èyí, má fọwọ́ kan tọ̀hún. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó bá ní àkókò lọ́wọ́ á wá ihò gbà, àgbàlagbà tó wá ṣe iṣẹ́ gidi ni ìdíwọ́ ń dí lọ́wọ́. Ọgbọ́n kejì yàtọ̀: kí oníkálukú ṣe bó ti fẹ́, kí ẹ̀rọ sì gbàgbé gbogbo rẹ̀ lálẹ́. Ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà gbé irú rẹ̀ jáde ní 1999 lábẹ́ orúkọ Deep Freeze, ó sì rìn jìnnà dé àwọn kafé Áfíríkà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ọjọ́ tí wọ́n bá to kọ̀ǹpútà tán, sọ́fítíwíà náà á gba ohun gbogbo tó wà lórí háàdì dísíìkì sí ìkáwọ́. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá kọ, ìbáà ṣe lẹ́tà, ìbáà ṣe fáírọ́ọ̀sì, ààyè ọ̀tọ̀ ni yóò darí rẹ̀ sí, ẹni tó jókòó síbẹ̀ kò sì ní fura. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ tí wọ́n tún tàn án, gbogbo ohun tó wà ní ààyè ọ̀tọ̀ náà ti lọ. Ó dà bíi síléètì tí wọ́n ti fi irin ha ìlà sí: ọmọ á nu ohun tó kọ, ìlà kò ní pa rẹ́. Ẹni tó ní pásíwọ̀ọ̀dù nìkan ló lè yí ìlà padà.

Microsoft náà gbìyànjú. Èyí tó fi sínú Windows Me ní 2000 ń dá ètò inú ẹ̀rọ padà sí ọjọ́ kan tó ti kọjá, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì lè sá pamọ́ sínú ohun tó tọ́jú pamọ́ gan-an. Ní 2007 ó gbé Windows SteadyState kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìkàwé. Nígbà tí 2010 parí, ó mú un kúrò nílẹ̀ láì ṣe èyí tó bá Windows 7 mu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbójú lé e dúró lórí Windows XP, bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe fún XP náà dópin ní 8 April 2014.

Ọ̀rọ̀ ìdúró sójú kan yìí kàn wá gan-an, nítorí tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà wa. Ní 2005, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Basel Action Network ròyìn pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹtẹ́nà ẹ̀rọ àlòkù ló ń gba Èkó wọlé lóṣooṣù, àwọn oníṣòwò Computer Village n'Íkẹjà sì sọ fún wọn pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ṣeé tún ṣe. Fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, sọ́fítíwíà ìdápadà wúlò: kò jẹ agbára ẹ̀rọ bíi ti apàfáírọ́ọ̀sì, bí iná bá sì já lójijì, kọ̀ǹpútà sábà máa ń tún gbéra wẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n kò lè gba háàdì dísíìkì lọ́wọ́ iná tó ń fò sókè-sódò, tàbí lọ́wọ́ eruku ọyẹ́. Bátìrì kékeré tó ń gbé aago kọ̀ǹpútà ró tún ń kú. Bí ó bá ti kú, aago á padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún bí wọ́n bá ti yọ iná, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ààbò kò sì ní gbà fún ẹ̀rọ náà láti wọlé. Ẹni tí kò mọ̀ á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló bàjẹ́.

Èyí tó tún burú jù ni pé sọ́fítíwíà náà kò mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Ohun tó bá lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sórí ẹ̀rọ ló ń dá padà. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, yóò máa jí i dìde ní gbogbo àárọ̀. Bí wọn kò bá ṣí i láti gba àtúnṣe, kọ̀ǹpútà náà yóò máa jí sínú ọdún tí wọ́n tò ó.

Ìjọba Ọ̀ṣun gba ọ̀nà mìíràn ní 2013, nígbà tí Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde: tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìwé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń mú lọ sílé. Lọ́dún yẹn kan náà ni JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, nígbà tó sì di 2015, kò sí ti orí ìwé mọ́. Ọmọ Òkè-Ìlá tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé nílò ibi tí yóò ti fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Ó sì yẹ kí wọ́n sọ fún un kó tó jókòó pé ohun tó bá tẹ̀ yóò pa rẹ́, kí wọ́n fi ààyè kan sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà tí ìdápadà kò kàn, kó lè fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́.

Windows 10 náà ti dé òpin àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ ní 14 October 2025. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé kò lè gbé Windows 11. Linux tó jẹ́ ọ̀fẹ́ wà, àwọn irú rẹ̀ kan sì ń ti orí fíláàṣì ṣiṣẹ́ láì kọ ohunkóhun sórí dísíìkì. Ìyẹn náà ń fẹ́ ẹni tí yóò máa pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń ka iye kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé wá sí Ìlá, Òkè-Ìlá tàbí Ọ̀rà, kí àwọn ará ìlú béèrè ohun méjì sí i: ta ni pásíwọ̀ọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ wo nínú oṣù ló sì ń ṣí ẹ̀rọ fún àtúnṣe? Bí kò bá sí ìdáhùn, owó tí wọ́n fi rà á ti ń ṣòfò láti ọjọ́ tí wọ́n ti tàn án.