Ọ̀nà Ló Jìn: Láti Èkó Dé Calgary

Tí a bá fa okùn láti Calgary dé Èkó láìyà síbì kankan, gígùn rẹ̀ máa tó nǹkan bíi 11,300 kìlómítà. Iye yìí ò yí padà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Iye ọjọ́ tí èèyàn fi ń rìn ín ló ń yí padà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 1955. Ẹni tó bá fẹ́ wá síbí láti Èkó lè wọ Aureol, ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951. Ó máa tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó gúnlẹ̀ sí Liverpool. Ibẹ̀ ló ti máa wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Montreal, ìyẹn náà tó bí ọ̀sẹ̀ kan. Ó wá ku rélùwéè. The Canadian, ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 yẹn gan-an, máa ń lò ju ọjọ́ méjì lọ láti Montreal dé Calgary. Ẹ ṣírò ẹ̀: ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láìtíì ka ọjọ́ tí èèyàn fi dúró de ọkọ̀.

Bàlúù wà nígbà yẹn lóòótọ́, àmọ́ owó ẹ̀ kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1958, WAAC Nigeria, tí a wá mọ̀ sí Nigeria Airways, bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàlúù BOAC ná Èkó sí London. Nígbà tó di 1964, wọ́n ti ń dé New York. Ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé ní 2003.

Lónìí, Calgary sí London jẹ́ bíi 7,000 kìlómítà, wákàtí mẹ́sàn-án tàbí kó dín díẹ̀. London sí Èkó jẹ́ bíi 5,000, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 12,000. Ṣé ẹ rí i báyìí? Yíyà sí London ò fi ju bíi 700 kìlómítà kún ọ̀nà, kò tó wákàtí kan lójú òfuurufú. Kì í ṣe fífò ló ń jẹ wá lákòókò, dídúró de bàlúù kejì ni. Òun ló ń sọ wákàtí mẹ́rìndínlógún di odindi ọ̀sán kan òru kan, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti di ọjọ́ kan. Síbẹ̀, ọjọ́ kan yẹn ṣì pọ̀ jù nígbà mìíràn. Tí Mùsùlùmí bá kú nílé ní ìdájí, wọ́n lè ti sin ín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ọmọ tó wà ní Calgary, tí aago tiẹ̀ fi wákàtí méje tàbí mẹ́jọ wà lẹ́yìn ti Èkó, lè gbọ́ lálẹ́ kó sì sáré lọ sí pápákọ̀ òfuurufú lójú ẹsẹ̀. Sàréè ló máa bá. Ti Kìrìsìtẹ́nì yàtọ̀ díẹ̀, torí mọ́ṣúárì lè gbé òkú dúró dè wá.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba. Ẹni tí baba àti ìyá ẹ̀ bá ṣì wà nílé, kó má fi owó tíkẹ́ẹ̀tì pa mọ́ de ọjọ́ ìsìnkú. Kó lọ nígbà tí wọ́n ṣì lè jẹ́ ẹ kú ilé.